Nínú Ipa Ẹsẹ̀ Huẹfa

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ènìyàn ń ṣe ní kọ̀rọ̀, kó wá wo ilẹ̀ Tọgbaji lásìkò èèrùn. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni wọ bàtà dé ibi tí wọ́n ti ń se iyọ̀ níbẹ̀. Láti ìdí ilé tó kẹ́yìn títí dé àwọn àtíbàbà etí ọ̀sà, ẹsẹ̀ lásán ni tọkùnrin tobìnrin fi ń rìn. Ilẹ̀ náà gbẹ lókè, ó rọ̀ nísàlẹ̀, kì í gbàgbé ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́. Àwọn obìnrin oníyọ̀ mọ ipa ẹsẹ̀ ara wọn bí ìwọ ṣe mọ ojú ẹ̀gbọ́n rẹ. Wọ́n á bojú wolẹ̀, wọ́n á ní lágbájá ti kọjá, eékún ń dùn ún lónìí, wọn kò sì tí ì fojú kan lágbájá.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ojú ti ti Agosu láti ọjọ́ kìíní. Ó mọ̀ pé ilẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ó sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ náà.

Àràárọ̀, bí Huẹfa bá ti gbé agbọ̀n rẹ̀, tó kọjú sí ọ̀nà ọ̀sà, Agosu á yọ láti ẹ̀yìn àwọn igi àgbọn, á sì máa fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú ibi tí Huẹfa ti gbé tirẹ̀ kúrò. Ọ̀tún sínú ọ̀tún, òsì sínú òsì. Kì í sáré, kì í pè é. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà tóbi, ti obìnrin náà kéré, nítorí náà bí ó bá ti kọjá, ipa ẹsẹ̀ Huẹfa kì í sí nílẹ̀ mọ́.

Ẹ má rò pé ìpátá ni o. Agosu ló ń fi ọkọ̀ ojú omi kó igi ìdáná wá fún àwọn oníyọ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ìyàwó rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ tipẹ́, òun àti Alugba ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé. Bí arúgbó kan bá ń wọ́ ẹrù lọ, Agosu ni yóò gbà á rù. Bí wọ́n bá ń dárúkọ ọmọlúàbí ní Tọgbaji, tirẹ̀ kì í gbẹ́yìn.

Ohun tó fa gbogbo rẹ̀ kéré débi pé ó ń tini lójú láti sọ. Ní ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, oòrùn mú, Huẹfa bu omi sínú igbá fún un. Ó ní, "Fofo, ẹ gbà, ẹ ti ṣiṣẹ́." Fofo, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ẹni lọ́kùnrin. Ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tán. Huẹfa fún ọkùnrin mẹ́ta mìíràn lómi lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ẹ̀rín kan náà. Agosu rí wọn, kò ka tiwọn sí nǹkan kan.

Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí Huẹfa ṣe tí kò di àmì. Bí ó bá wo apá ibi tí Agosu wà, ó ń pè é ni. Bí kò bá wò ó, ojú ló ń tì í. Nígbà tó yí ọ̀nà padà, ó ń dán an wò ni. Ìgbà tó wá yá, Huẹfa dúró, ó kọjú sí i ní ọ̀sán gangan, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, mi ò fẹ́. Ẹ má tẹ̀lé mi mọ́." Agosu lọ sílé, ó gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò síwá sẹ́yìn, ó sì rí i pé obìnrin tí kò bá ní ènìyàn lọ́kàn kò ní bẹ̀ ẹ́. Nínú agolo wàrà kan lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó kó ìyarun Huẹfa tó kán pa mọ́, àti etí gèlè kan tó fà ya lórí ọgbà. Nígbà mìíràn á ṣí agolo náà, ìtìjú á bò ó, á sì tún un dé kíákíá. Ìtìjú náà kò dá a dúró. Ó kàn kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fara pa mọ́ dáadáa ni.

*

Ìyá rẹ̀ mọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Agosu gbàgbé àjẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ sílé, ó sì padà gba ọ̀nà kan náà. Ó bá Alugba lójú ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ń gbá ipa ẹsẹ̀ rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tó ti se iyọ̀ fún ogójì ọdún, ṣé ẹsẹ̀ ọmọ tó bí ni kò ní mọ̀? Ẹsẹ̀ náà sì ni ọmọ yìí fi wá sáyé. Agosu tí wọ́n ń pè é, òun ni àwa Yorùbá ń pè ní Ìgè.

Wọ́n wo ara wọn. Alugba ló kọ́kọ́ gbé ojú kúrò. Ó ní ẹ̀kọ ti wà nílẹ̀, kó lọ jẹ ẹ́ kó tó tutù. Agosu ní ó ṣeun. Wọn kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ náà, wọn kò mẹ́nu kàn án lọ́jọ́ kejì. Ojú ń ti ìyá, ojú ń ti ọmọ, wọ́n sì jọ ń fọwọ́ kan oúnjẹ kan náà. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, Agosu sọ ìgbálẹ̀ ìyá rẹ̀ di ìyọ̀ǹda. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí ohun tí òun ń ṣe bá burú ni, ìyá òun ìbá ti sọ ọ́.

*

Ohun tí ojú Huẹfa ń rí ní gbogbo àkókò yìí, ẹ̀yìn tí ọ̀rọ̀ tú ni wọ́n tó sọ ọ́ létí Agosu.

Ní ọjọ́ kan tí ìkùukùu ọyẹ́ bo gbogbo etí ọ̀sà, Huẹfa rántí pé òun kò mú asẹ́ òun dání, ó sì yíjú padà. Ó bojú wolẹ̀ kó lè gba ibi tó gbà wá. Kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Níbi gbogbo tó ti tẹ̀, ẹsẹ̀ ńlá kan ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ọ̀ọ́kán wá. Ìkẹyìn wọn kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ibi tó dúró sí. Wọn kò yà sápá ọ̀tún, wọn kò yà sápá òsì, wọn kò padà. Kò sì rí ẹnikẹ́ni nínú ìkùukùu náà.

Lọ́jọ́ kejì ó pe àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá wo ilẹ̀. Wọ́n dé ibẹ̀, ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó tún pè wọ́n lọ́jọ́ kẹta, bákan náà ni. Nígbà tó wá dárúkọ Agosu, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Agosu tiwa yìí? Bó bá jẹ́ èmi ló ń tẹ̀lé, ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ ni n bá máa fi rìn, kó lè bá mi." Huẹfa bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà kò tún pe ẹnikẹ́ni mọ́. Ojú tì í, bí ẹni pé òun ló ṣe nǹkan. Àfi ìgbà kan tó lọ bá Alugba nílé, nítorí ó rò pé ìyá lè bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó sunkún níbẹ̀. Alugba ní kó máa gbàdúrà.

Ó wá pinnu. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, òun yóò fi àtíbàbà tí ìyá òun fi sílẹ̀ fún òun lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, òun yóò sì lọ máa ru ẹrù ní Kútọ̀nú. Kò sí ẹni tó mọ iyọ̀ se tó o ní Tọgbaji. Bó bá sì fi lè lọ, iṣẹ́ ìyá rẹ̀ parun nìyẹn, kò ní í padà sídìí rẹ̀ mọ́ láéláé.

*

Agosu gbọ́ pé Huẹfa fẹ́ lọ. Orí rẹ̀ fò lọ. Kò bi ara rẹ̀ pé ta ló ń lé e. Ohun tó ń bèèrè ni pé ta ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ òun.

Ó lọ bá Daa Hunkpe ní Glẹhue. Rédíò àti tọ́ọ̀ṣì ni bàbá náà ń tún ṣe nítòsí ibùdókọ̀, ẹ̀wù bọ́ọ̀lù tó ti ṣá ló máa ń wọ̀. Ẹni tó bá wá tún rédíò ṣe, iwájú ló ń dúró sí. Ẹni tó bá wá fún oògùn, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé lọ́sàn-án gangan, nígbà tí gbogbo ìlú ti ti ìlẹ̀kùn wọ́n ń sun oorun ọ̀sán, tí òpópónà dá wáí bí ìgbà tí ọ̀tá wọ̀lú. Inú yàrá náà ṣókùnkùn. Àgádágodo ló so kọ́ sí àjà, ó lé ní ogún, gbogbo wọn ti dípẹtà, gbogbo wọn wà ní títì. Ọ̀kan nínú wọn ń mì díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí atẹ́gùn.

Agosu kúnlẹ̀, ó fẹ́ dárúkọ Huẹfa. Hunkpe gbé ọwọ́ sókè.

"Mi ò bèèrè orúkọ. Oògùn mi kò mọ orúkọ, ẹsẹ̀ ló mọ̀. Lọ bu iyanrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wá. Kí ẹsẹ̀ mìíràn má kan án."

Agosu ní òun gbọ́. Bàbá náà tún bi í.

"Ṣé obìnrin náà mọ̀ pé o wá síbí?"

"Daa, nínú ọkàn rẹ̀, ó mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo yín máa ń sọ," ni Hunkpe wí, ó sì padà sídìí rédíò rẹ̀.

*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Agosu mú aṣọ dúdú dání. Huẹfa wà níwájú nínú ìkùukùu, òjìji rẹ̀ nìkan ni ènìyàn lè rí. Agosu ṣa ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ dáadáa, ibi tí ọmọ ìka márààrún ti hàn kedere. Ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ kó bu ú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ ibẹ̀ kó tó rò ó. Ó ti mọ́ ọn lára. Ó dúró lé e, ó ń gbọ́ bí ilẹ̀ náà ṣe tutù lábẹ́ rẹ̀, ó tilẹ̀ di ojú. Lẹ́yìn náà ló tó gbé ẹsẹ̀ kúrò, tó bẹ̀rẹ̀, tó bu gbogbo rẹ̀ sínú aṣọ.

Mi ò ní í parọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ Hunkpe wá sí i lọ́kàn. Ó rántí pé bàbá náà ní kí ẹsẹ̀ mìíràn má kan án. Èsì tó fún ara rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ òun kì í ṣe ẹsẹ̀ mìíràn.

Nígbà tó di ọ̀sán, Hunkpe da iyanrìn náà sí ẹnu àgádágodo tuntun kan, ó bu ọtí sodabi lé e, ó fi ìyẹ́ àkùkọ tí Agosu mú wá dí i. Ó ní kí Agosu fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹsẹ̀ tó tẹ iyanrìn yìí kẹ́yìn, ọ̀nà kan ṣoṣo ni kó máa mọ̀. Kó má rí ibi yà sí. Kó má rí ibi padà sí."

Àgádágodo náà dé pẹ́kẹ́. Gbogbo èyí tó wà ní àjà dún tẹ̀lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Agosu mú kọ́kọ́rọ́ lọ sí ibi tí ọ̀sà ti pàdé òkun, ó jù ú sómi, ó sì fetí sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ náà kan omi, kò dún rárá.

*

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Huẹfa lọ bá Tanyinọ. Tanyinọ ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, arúgbó tó ń ta omi sílẹ̀ fún àwọn òkú ìdílé wọn. Arúgbó náà kò bi í léèrè bóyá ó dá a lójú. Huẹfa sọ lẹ́yìn náà pé Tanyinọ ni ẹni àkọ́kọ́ tí kò bi òun.

Arúgbó náà mú iyọ̀ tí Huẹfa kọ́kọ́ sè lọ́dún náà, ó dì í sí etí aṣọ àtijọ́ kan, ó gbé e sábẹ́ ìkòkò omi àwọn òkú. Ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí Huẹfa kò gbọ́ tán. Ohun tó gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé kí ẹni tó gba ìsinmi lẹ́nu ọmọ òun má rí adùn sí ẹnu tirẹ̀. Ó wá jókòó.

"Bí o bá dúró, kí ló máa ń ṣe?"

"Á dúró, Tanyinọ."

"Bí o bá yà ńkọ́?"

"Á yà."

Arúgbó náà mi orí. "A jẹ́ pé ìwọ lò ń dà á kiri bí ẹran. Ìgbà tí o bá ṣe tán, dà á lọ síbi tí àwọn ènìyàn jókòó sí."

*

Ní ọjọ́ kìíní, Agosu rò pé oògùn ti jẹ́. Ara rẹ̀ yá gágá. Ó gbé àjẹ̀, ó ní òun ń lọ sídìí ọkọ̀ òun. Nígbà tó gbójú sókè, ẹ̀yìn àtíbàbà Huẹfa ló bá ara rẹ̀. Ó ní àròjinlẹ̀ ló fà á. Ó yíjú, ó yíra, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yí.

Nígbà tó délé, ó tọ́ ọbẹ̀ ẹja wò, kò níyọ̀. Ó ní kí ìyá òun fi sí i. Alugba fi sí i, kò sí ìyàtọ̀. Ó tún fi sí i lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí Alugba fi ẹnu ara rẹ̀ kàn án, ó tu ú dànù, iyọ̀ ti sọ ọbẹ̀ náà di kíkorò. Lẹ́nu Agosu, omi lásán ni. Ní Tọgbaji, ẹni tí iyọ̀ bá kọ̀, wọn kì í bá a jókòó. Ìyá àti ọmọ sì tún wo ara wọn.

Ní ọjọ́ kẹta, ó wẹ̀yìn lójú ọ̀nà. Nínú gbogbo ipa ẹsẹ̀ rẹ̀, akàn kọ̀ọ̀kan jókòó, gbogbo wọn kọjú sí i. Ó ju igi mọ́ wọn, ọ̀kan kò sá.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú. Kò lè lọ kó igi mọ́. Kò sì lè fara pa mọ́ mọ́, nítorí ẹni tó bá máa fara pa mọ́ gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ tó ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ojú gbangba ló wá ń tẹ̀lé Huẹfa báyìí, ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí ẹ̀yìn rẹ̀. Huẹfa wọ igbó lọ tọ̀, Agosu dúró létí igbó náà, ó kọ ẹ̀yìn síbẹ̀, ó ń sunkún. Àwọn obìnrin oníyọ̀ rí i. Ẹ̀fẹ̀ tán lẹ́nu wọn.

*

Nígbà tó di ọjọ́ ọjà Glẹhue, Huẹfa ru iyọ̀ rẹ̀, ó lọ. Agosu ń wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Hunkpe, ó fi ọwọ́ méjèèjì di òpó ìlẹ̀kùn mú.

"Daa, ẹ tú mi sílẹ̀. Ó ti da oògùn yín padà sí mi lára."

Hunkpe gbé irin tó fi ń tú rédíò sílẹ̀. "Oògùn mi kì í padà. Iyanrìn tí o gbé wá yẹn, ṣé kò sí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tirẹ̀?"

"Kò sí o, Daa. Àfi tèmi."

Rédíò tó wà níwájú wọn han gooro, ó sì dákẹ́.

"Tìrẹ?"

"Ó ti mọ́ mi lára ni."

Hunkpe wò ó láti orí délẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi dúró sí ẹsẹ̀ wíwú náà. Ó ní, "Ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn ni mo tì. Kọ́kọ́rọ́ sì ti wà lọ́wọ́ òkun. Ojú ń tì mí fún ọ."

Agosu bi í pé kí lòun yóò wá ṣe. Hunkpe ní òun kò mọ̀, pé ẹni tó wà níwájú ló ni ọ̀nà. Ẹni tó bá da eérú sì ni eérú ń tọ̀, òun kò rí oògùn ìyẹn rí.

Huẹfa ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ lódìkejì títì láti sinmi. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́. Ó yíjú, ó wo Agosu, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tó kọjá tí kò sí ẹ̀rù lójú rẹ̀. Èyí dẹ́rù ba Agosu ju akàn lọ. Huẹfa gbé ẹrù rẹ̀, ó ń lọ, ọwọ́ Agosu sì ń já kúrò lára òpó ní ìka kọ̀ọ̀kan.

*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Huẹfa kò gba ọ̀nà ọ̀sà. Ó gba àárín ìlú. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, agbọ̀n lórí, Agosu lẹ́yìn. Ohun tí ọkùnrin yìí ti ń ṣe nínú ìkùukùu láti ọjọ́ yìí wá, ó ń ṣe é nínú oòrùn báyìí, níwájú àwọn tó ń fọ eyín, níwájú àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ìwé. Huẹfa mú un kọjá níwájú ilé ìyá rẹ̀. Alugba wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ lé àyà. Huẹfa kò kí i. Ó mú un lọ tààrà sí àgbàlá baálẹ̀, níbi tí àwọn àgbà ti jókòó, ó sì rojọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ọ̀rọ̀ àgádágodo tó fetí ara rẹ̀ gbọ́.

Wọn kò gbà á gbọ́.

Wọ́n wo ẹsẹ̀ Agosu. Wọ́n ní ẹni tó so àgádágodo, ṣé ó máa so ó mọ́ ara rẹ̀ ni? Ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí gbogbo ìlú mọ̀ ni, ó ń ṣàìsàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, iyọ̀ ti kọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ta ló sì ń di iyọ̀ ní ìlú yìí bí kì í ṣe Tanyinọ ìdílé Huẹfa? Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá ní lóòótọ́ ni àwọn rí Agosu lẹ́yìn rẹ̀ láti bí ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n ṣáájú ìyẹn, gbogbo ìgbà tó pe àwọn, ilẹ̀ mọ́. Àgbàlagbà kan wá fi ọ̀pá kan ilẹ̀.

"Ẹni tó so ni yóò tú u. Kí Huẹfa kó lọ sílé ọkùnrin náà, kó lọ máa tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Bó bá kọ̀, kó fi ilẹ̀ iyọ̀ sílẹ̀ fún wa."

Àwọn mìíràn ní bẹ́ẹ̀ ni. Agosu gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ bó ti rí, bó tilẹ̀ ń ti èmi tí mò ń sọ ọ́ lójú: inú rẹ̀ dùn. Ohun tó ti ń wá láti ọdún kan, wọ́n fẹ́ fà á lé e lọ́wọ́ níwájú gbogbo ìlú. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu rẹ̀ tó láti gba Huẹfa sílẹ̀. Ó rí bí obìnrin náà ṣe yíjú sí i, tó ń retí ọ̀rọ̀ náà. Ó sì tẹrí ba bí ẹni tí àìsàn ń ṣe, ó dákẹ́.

"Ẹ má fi ọmọ yẹn lé e lọ́wọ́."

Ẹ̀yìn èrò ni ohùn náà ti wá. Alugba ni. Wọ́n yà fún un, ó wá síwájú, ó kúnlẹ̀.

"Kí oògùn kankan tó wà ni. Láti ọdún tó kọjá ni. Àràárọ̀ ni ẹsẹ̀ ọmọ mi ń wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mò ń gbá ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń bá ilẹ̀ ní mímọ́."

Baálẹ̀ bi í pé kí ló dé tó fi ń gbá a.

"Kí ojú má baà tì mí ni, bàbá."

Huẹfa yíjú sí i. Ohùn rẹ̀ kò ga.

"Ìyá, mo wá bá yín nílé. Mo sunkún níwájú yín."

"Mo rántí."

"Ẹ ní kí n máa gbàdúrà."

"Mo rántí, ọmọ mi." Alugba fi iwájú orí kanlẹ̀, kò gbé e sókè mọ́. Huẹfa kò ní kó dìde.

Baálẹ̀ wá bi Agosu pé ṣé bó ti rí nìyẹn. Agosu ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òótọ́ ni ìyá òun sọ, òun náà ló sì gbé iyanrìn lọ sọ́dọ̀ Hunkpe. Ìgbà tí kò sí ibi tí yóò fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ sí mọ́ ló tó sọ ọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́pàá ní Glẹhue, wọ́n ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n tó dé. Baálẹ̀ sọ fún Huẹfa pé kó máa lọ sídìí iyọ̀ rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ Kútọ̀nú ti tán.

Huẹfa gbé agbọ̀n rẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà ọ̀sà. Agosu fi ọwọ́ méjèèjì di bẹ́ǹṣì mú, ó ń retí kí ẹsẹ̀ òun fa òun dìde. Gbogbo ojú tó wà ní àgbàlá náà wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Huẹfa ya kọ̀rọ̀, wọn kò rí i mọ́. Ẹsẹ̀ náà kò mira. Agosu ń wá ohun tó ń fà á, bí ahọ́n ṣe ń wá eyín tó ti yọ, kò sì rí nǹkan kan.

Ẹnìkan pariwo pé oògùn ti bọ́ nígbà tó jẹ́wọ́, àwọn kan sì ń sọ pé ọwọ́ Tanyinọ ni. Ṣùgbọ́n Agosu mọ ohun tó fà á lẹ́yìn tí àgádágodo dé, ó sì mọ èyí tó fà á ṣáájú rẹ̀, láti ọjọ́ igbá omi. Ọ̀kan náà ni, wọn kò wúwo ju ara wọn lọ. Ó jókòó síbẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ìyá rẹ̀ sì wà ní ìdojúbolẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó wá rí i pé nínú gbogbo àárọ̀ wọ̀nyẹn, kò sí ọ̀kan tí òun kò lè dúró sílé.